Omi Orí Èérí Kọfí Catello

Ẹ̀gbọ́n mi Catello kò ní sùúrù rárá. Sùúrù tí àwọn àgbà ní ó jẹ́ baba ìwà, òun àti Catello kò bára tan, wọn kò tilẹ̀ jọ gbé àdúgbò kan náà. Bí ó bá ń se spàgẹ́tì, omi kò ní tíì hó tán tí yóò ti dà á sí i, yóò sì jẹ ẹ́ nígbà tó ṣì le gbagidi. Bí ó bá wà nínú mọ́tò, fèrè rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé iná ojú pópó fẹ́ yí padà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, "Àmín" tirẹ̀ máa ń dé kí Fadá tó parí àdúrà, àwọn ọmọdé a sì máa bojú wẹ̀yìn wá rẹ́rìn-ín. Èmi Ersilia, àbúrò rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, ni mo máa ń jókòó tì í láti kékeré. Nígbà tó yá, ojú kò tì mí mọ́.

Ilé bàbá wa ni a ń gbé ní Castellammare níbí, nílẹ̀ Ítálì, ní àdúgbò àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Catello àti Titina, ìyàwó rẹ̀, wà ní àjà kìn-ín-ní, èmi wà lókè wọn. N kò lọ́kọ, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi wá a. Bí Catello bá ti wọlé ni mo máa ń mọ̀, nítorí ó máa ń gun àtẹ̀gùn bí ẹni tí ajá ń lé. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń kánjú lórí àtẹ̀gùn yẹn, n ó ti dìde kí n tó rántí.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn, ó gbé ẹ̀rọ kọfí kan wọlé. Ìkòkò kékeré tí wọ́n ń gbé ka iná ni gbogbo wa ń lò ní àdúgbò, ohun náà sì yà mí lẹ́nu.

"Ẹ̀rọ wo nìyí? Ṣé o fẹ́ ṣí ilé kọfí ni?"

"Ìkòkò tìrẹ yẹn, kó tó hó, èèyàn á ti darúgbó," ó ní. "Èmi ò lọ́jọ́ tí mo fẹ́ fi ṣòfò."

"O ti darúgbó ná."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún, kí o gba ife."

Ẹ̀rọ náà ní ọwọ́ kan tí abọ́ onírin kékeré wà lórí rẹ̀. Inú abọ́ yẹn ni yóò da kọfí lílọ̀ sí, yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó ki, yóò wá fi há ẹ̀rọ lẹ́nu. Omi gbígbóná yóò fi agbára gba inú kọfí náà kọjá, yóò sì máa ro sínú ife. Èérí tó bá kù nínú abọ́ lẹ́yìn ìyẹn, òun ni ìgbéraga Catello. Láràárọ̀, tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ lọ ra búrẹ́dì, á ti ṣílẹ̀kùn dè mí. Á gbá ọwọ́ ẹ̀rọ náà mọ́ etí ìkòkò ewéko tó wà lẹ́nu ọ̀nà, èérí á sì já bọ́ lódindi, gbígbẹ, ó dì pọ̀ bíi bisikíìtì.

"Ersilia, wò ó! Fọwọ́ kàn án. Ṣé omi wà níbẹ̀?"

"Kò sómi."

"Ìyẹn ni wọ́n ń pè lọ́wọ́ kọfí! Ọwọ́ ẹlòmíì wà, tó jẹ́ ẹrẹ̀ ló ń pò."

Ọwọ́ mi ló ń bú. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, títí kan Titina tó bá a gbé láti ìgbà tí irun orí wọn ṣì dúdú.

Nígbà tí ewé igi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì lórí àtẹ̀gùn kan náà. Ikú pàápàá, Catello kò ní sùúrù láti dúró dè é, òun ló lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà.

Níbí, ilé tí òkú bá ti jáde kì í dáná. Àwọn ará àdúgbò ló ń gbé kọfí àti ọbẹ̀ adìyẹ wá, olúkúlùkù nínú ìkòkò tirẹ̀. Wọ́n jókòó yí Titina ká, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ní kó pẹ̀lẹ́. Èmi ń to àga, mo ń ṣan ife. Ọkọ ló kú fún Titina, ẹ̀gbọ́n ló kú fún mi, àmọ́ nínú ilé ọ̀fọ̀ ta ló ń rántí kí àbúrò òkú? N kò bínú sí wọn. Mo kàn rí i pé kò sẹ́ni tó di ọwọ́ mi mú, bóyá nítorí pé ife wà níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kó ìkòkò wọn lọ tán, tí ilé wá dákẹ́, Titina dìde láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó lọ dúró níwájú ẹ̀rọ náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo wà lókè tí mo gbọ́ tó kígbe orúkọ mi. Mo sáré sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Mo bá a tó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ ẹ̀rọ náà mú bí ẹni tó gbé Sákírámẹ́ńtì. Omi dúdú kan dúró lórí èérí náà, abẹ́ rẹ̀ sì rí pọ̀tọ̀pọ́tọ̀.

"Omi ni, Ersilia."

"Mo rí i. Kí lo fẹ́ kó wà níbẹ̀, wáìnì?"

"Tiẹ̀ kì í rí báyìí. Tiẹ̀ máa ń gbẹ."

"Ọwọ́ ẹ ni kò tíì mọ̀ ọ́n. Wàá kọ́ ọ."

Lọ́jọ́ kejì, omi. Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, omi. Ó fi kún kọfí, ó dín in kù, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ọrùn ọwọ́ fi ń dùn ún. Omi náà ń pọ̀, ó ń dín, kò ṣáà tán. Nígbà tó yá, Titina kò wá ọ̀nà àtidá omi náà dúró mọ́. Ó ti mọ ohun tó jẹ́, tàbí kí n kúkú sọ pé ó rò pé òun mọ̀ ọ́n.

Ìlú yìí ni wọ́n bí gbogbo wa sí, kò sì sí ẹni tí kò mọ ohun tí àwọn òkú wa máa ń fẹ́. Iná ń bẹ ní Pọ́gátórì, níbi tí ọkàn àwọn òkú ti ń wẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó wọ ọ̀run, òùngbẹ sì ń bẹ nínú iná. Tí a bá bu omi ìsun wa mu nígbà ooru, tó tutù wọ inú eegun, a máa ń sọ pé "refrisco", kí ìtura rẹ̀ lè kan àwọn ọkàn tó wà lọ́hùn-ún. Ìyá wa kì í gbé ife kúrò lẹ́nu kó má sọ ọ́. Èmi náà ń sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí Fadá ń sọ ni mo gbà gbọ́.

Nítorí náà, nígbà tí Titina pè mí jókòó, mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

"Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́," ó ní. "Refrisco ló ń bèèrè. Nígbà tó wà láyé, èérí ń gbẹ. Ó lọ tán, omi dé. Ta ló tún lè fi kọfí bá mi sọ̀rọ̀ bí kì í bá ṣe òun?"

"Òkú àwọn ẹlòmíì, nọ́ńbà lọ́tìrì ni wọ́n ń fún èèyàn wọn lójú àlá," mo ní. "Tiwa wá jẹ́ pé omi èérí ló rí fi ránṣẹ́. Sọ fún un kó tún inú rò."

"Má fi ṣe yẹ̀yẹ́, Ersilia."

"Èmi kọ́. Òun ló ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́."

Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì.

Láti ọjọ́ náà ló ti di bẹ́ẹ̀. Láràárọ̀ ni yóò ṣe kọfí, yóò yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀, yóò rọra da omi orí èérí sínú ife kékeré tí Catello máa ń lò, yóò sì gbé e sídìí àwòrán rẹ̀. "Refrisco, Catè," yóò wí. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fún un: iye tí wọ́n ń ta ẹja, ẹni tó bá ẹni jà, bí àwọn ọmọ ìta ṣe fọ́ gíláàsì ẹnu ọ̀nà. Òun fúnra rẹ̀ kò mu kọfí mọ́. Ó ní òun ti yọ̀ǹda tòun fún Catello. Èmi ni mo ń mu èyí tó bá ṣe, ní ìdúró, kí n tó lọ ra búrẹ́dì. Titina ti ń gbẹ lára, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ti ń yí gbirigbiri. Síbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: ìgbà kan ṣoṣo lójúmọ́ tí ojú rẹ̀ máa ń là ni ìgbà tó bá rí omi yẹn. Àárò ọkọ rẹ̀ ń sọ ọ́ púpọ̀, omi náà sì ni gbogbo ohun tó rí dì mú.

Bí kò bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, n kì bá ti dá sí i. Àmọ́ Loredana, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní ìlú Modena tó jìn sí wa, pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ó ti ń wá ọmọ tipẹ́, ó ti sunkún títí, ó ti wá lóyún báyìí, ìkúnlẹ̀ rẹ̀ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó fẹ́ kí ìyá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ òun. Titina kọ̀.

"Ta ló máa fún bàbá rẹ lómi?" ló wí fún un lórí fóònù. Mo wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, èmi ni ó pè. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Màmá. Ẹ̀rù ń bà mí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kó ṣe nǹkan kan, mo kàn fẹ́ kó wà níbẹ̀ ni."

"Fọkàn balẹ̀," mo ní. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tó bá gbà pé kí n fi okùn dì í, màá dì í gbé e sínú ọkọ̀ ojú irin."

Mo wọlé tọ Titina. Mo ní kó lọ, èmi yóò máa ṣe kọfí náà láràárọ̀, èmi yóò máa fún Catello lómi.

Ó mi orí. Kò bínú, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. "Kì í ṣe ọwọ́ rẹ ló ti ń bèèrè omi, Ersilia. Ọwọ́ mi ni."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé ọ̀kan àyà. Inú ìyá kan náà ni èmi àti Catello ti jáde, ibùsùn kan náà la sùn títí tí mo fi ń yọ eyín. Mo jáde, mo ti ilẹ̀kùn gbàá.

Inú bíbí yẹn ló gbé mi dé ilé kọfí Sabatino, tó wà ní igun òpópónà wa. Ẹ̀rọ tirẹ̀ tóbi bíi àpótí òkú. Mo dúró, mo ń wo bó ṣe ń yọ ọwọ́ ẹ̀rọ, tó ń gbọn èérí dànù. Gbígbẹ ni gbogbo rẹ̀. Kò dúró fún ìṣẹ́jú kankan kó tó yọ ọ́.

"Sabatino, kí ló ń mú èérí tìrẹ gbẹ?"

"Ẹ káàárọ̀ ná, Màdáámù Ersilia. Ṣé ìjà lẹ bá wá ni?"

"Dá mi lóhùn."

"Ihò ni," ó ní, ó sì na ìka sí abẹ́ ẹ̀rọ. "Tí mo bá ti pa á báyìí, omi tó kù lórí kọfí á gba ibí sá jáde. Ẹ gbọ́ ọ? Ṣììì! Àwọn kékeré tí ẹ ń lò nílé, púpọ̀ nínú wọn ò ní in. Tí ẹ bá pa á, omi tó kù ò ríbi lọ, á jókòó sórí kọfí. Tí ẹ bá yọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹrẹ̀ lẹ máa rí. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, omi yẹn á ro sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀, èérí á gbẹ. Tí kọfí tí ẹ dà sí i ò bá tiẹ̀ kún abọ́, àyè á gba omi dáadáa láti jókòó."

"Ṣé kì í ba kọfí jẹ́?"

"Kí ló fẹ́ bà jẹ́? Kọfí ti bọ́ sínú ife. Àbí èérí lẹ fẹ́ mu ni?"

"Ẹnì kan ní ọwọ́ èèyàn ló ń mú un gbẹ."

Sabatino rẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹnì kan yẹn, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, ó fi èérí yẹn halẹ̀ mọ́ mi níbí títí. Mo jẹ́ kó máa gbádùn ara ẹ̀. Ṣé ẹ ò ní mu nǹkan ni?"

Bí mo ti ń padà gun àtẹ̀gùn ilé wa, inú mi ń dùn bíi ti ẹni tó fẹ́ lọ gba àre lẹ́jọ́. N kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

"Kì í ṣe Catello," mo ní. "Ẹ̀rọ yín ni kò níhò."

Mo ṣàlàyé fún un, bí Sabatino ṣe sọ ọ́ gan-an, títí kan ṣììì. Titina jókòó, ó gbọ́ mi tán. Mo rò pé yóò sunkún. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló tún ń le sí i.

"Ẹ̀rọ kan náà ni, Ersilia. Kọfí kan náà, láti ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ihò tí o ń sọ yìí, ṣé ẹ̀rọ náà ní in nígbà tí Catello wà, tó wá dí nígbà tó kú?"

N kò rò ó débẹ̀.

"Ó ní láti jẹ́ pé ó máa ń fi í sílẹ̀ kó tó yọ ọ́," mo ní. "Ó ń dúró kí omi náà ro tán."

"Ta ló ń dúró?"

"Catello."

"Catello wo? Catello tiwa yìí?"

A wo ara wa. Èmi ni mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Catello tó ń jẹ spàgẹ́tì tí ò jinná!"

"Tó ń bá ẹ̀rọ ìfọṣọ jà pé kò tètè fọ̀ ọ́ tán!" Titina ń lu orí tábìlì. "Tó fi òrùka sí mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó kí Fadá tó ní kó fi sí i!"

"Òun ló máa wá dúró ti èérí kọfí!"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. N kò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí a ti sin Catello. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí ẹ̀rín dúró lójú rẹ̀, tí kò kúrò, tí kò sì lọ síwájú. Ó ń wo ilẹ̀kùn yàrá.

"Ersilia," ó ní, "ó máa ń gbé e wá bá mi lórí ibùsùn."

"Kí ni?"

"Kọfí. Láràárọ̀. Tèmi ló máa ń kọ́kọ́ ṣe. Á gbé e wá, á jókòó síbi ẹsẹ̀ mi. O mọ bí mo ṣe ń mu kọfí, mo máa ń fẹ́ ẹ, mo máa ń sinmi, mo máa ń sọ àlá tí mo lá. Màá ní kó máa lọ, kó lọ ṣe tiẹ̀. Á ní, 'Máa mu, máa mu. Mi ò kánjú.'"

"Catello sọ bẹ́ẹ̀?"

"Lójoojúmọ́. Ìgbà tí mo bá mu ún tán ló máa gba ife lọ́wọ́ mi, tó máa wá lọ yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà, tó máa wá ṣílẹ̀kùn fún ẹ."

Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́n, n kò gbọ́ "mi ò kánjú" lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi rí. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n tán. Àṣé ó ní sùúrù, ó ní in dáadáa, ibì kan ṣoṣo ló ń lò ó. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ìjókòó náà ló ń mú èérí gbẹ, ọwọ́ rẹ̀ ló ń yìn. Ìlara mú mi, n kò ní purọ́. Láyé mi, kò sẹ́ni tó jókòó síbi ẹsẹ̀ mi rí títí tí èérí kọfí fi gbẹ.

"Lọ ṣe é," ni Titina wí. "Ṣe é, kí o gbé e wá."

Ó wọ yàrá lọ, ó dùbúlẹ̀ sí apá tirẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lọ́rùn. Mo ṣe kọfí náà, mo pa ẹ̀rọ, mo fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ síbi tó há sí. Mo gbé ife lọ bá a, mo jókòó síbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì náà ti tẹ̀ wọnú níbẹ̀. Ó gba ife, ó fẹ́ ẹ, ó fi kan ẹnu, ó di ojú. Ó ti pẹ́ tó ti mu kọfí kẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló wà lára èmi àti Catello, kò pẹ́ tí mo ti fẹ́ dìde.

"Jókòó," ó ní.

Mo jókòó. Ó sọ àlá tó lá fún mi, àlá gígùn kan nípa adìyẹ tí kò ní ìparí. Nígbà tó mu tán, a jọ lọ sí ilé ìdáná. Mo yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà, mo gbá a mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Èérí náà já bọ́ lódindi. Ó gbẹ.

Mo ti ń múra láti sọ pé "Ṣé o rí i?" nígbà tí mo wo ojú rẹ̀. Ó di èérí náà mú.

"Kò bèèrè nǹkan kan," ó ní. "Ó ti lọ. Ẹ̀rọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, Ersilia. Gbogbo àárọ̀ yẹn, ẹ̀rọ ni."

Ó wá sunkún, irú èyí tí kò sun nígbà tí ilé kún. Ìgbà náà ni mo mọ ohun tí mo ṣe. Àre tí mo lọ gbà, mo gbà á, mo sì gba ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo fẹ́ sọ pé kó dárí jì mí. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo dì mú, èérí sì fọ́ sí wa lọ́wọ́.

Ìgbà tí ẹkún náà rọlẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, kọfí sì yí i lójú.

"Bó ṣe pẹ́ tó báyìí ni Catello ṣe máa ń jókòó tì mí láràárọ̀," ó ní. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Kí ni Loredana tún ní kí o sọ fún mi?"

"Ó ní kì í ṣe pé òun fẹ́ kí o ṣe nǹkan kan. Ó ní kí o kàn wà níbẹ̀."

Titina gbà, ó lọ wá àpótí rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo sìn ín dé ìdíkọ̀ ọkọ̀ ojú irin. Ó kó ẹyin, wàràkàṣì àti bisikíìtì bí ẹni pé ebi ń pa gbogbo Modena. Kó tó wọlé, ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé mi lọ́wọ́. "Tí o bá ṣe kọfí, fi í sílẹ̀ díẹ̀ kí o tó yọ ọ́."

"Mo ti gbọ́. Èmi ni mo sọ fún ẹ."

"Kí o jókòó ná. Má ṣe bíi ti ẹ̀gbọ́n ẹ."

"Bíi ti ẹ̀gbọ́n mi ni o ní kí n ṣe," mo ní, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ó bá a. Loredana bímọ lójú ìyá rẹ̀, obìnrin, tó ń ké bí ẹni tí wọ́n dá dúró. Titina fi fóònù sí i lẹ́nu kí n lè gbọ́ igbe rẹ̀. "Catello gan-an ni," ó ní. "Kò tíì dáyé tán tó ti ń kánjú."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìròyìn yẹn, mo mú kọ́kọ́rọ́, mo sọ̀kalẹ̀. Mo ní ewéko ẹnu ọ̀nà ni mo fẹ́ bomi rin. Mo bomi rin ín tán, mo wọlé. Ilé náà dákẹ́. Mo da kọfí sínú abọ́, mo tẹ̀ ẹ́, mo fi há ẹ̀rọ lẹ́nu, kọfí ro sínú ife, mo pa á. Kò sí ẹni tí n ó gbé e lọ fún nínú yàrá.

Mo mọ ohun gbogbo tó yẹ kí n mọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ náà kò níhò. Mo mọ̀ pé tí mo bá fi í sílẹ̀ díẹ̀, omi náà yóò ro sísàlẹ̀, èérí yóò sì gbẹ. Ojú mi ló ṣe.

N kò fi í sílẹ̀. Mo yọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí omi náà tó ráyè lọ. Ó wà níbẹ̀, ó ń gbóná. Mo da omi náà sínú ife kékeré Catello, mo gbé e sídìí àwòrán, mo wo ojú rẹ̀ tó jọ tèmi.

"Refrisco, Catè," mo ní. "Kì í ṣe Titina. Èmi Ersilia ni."